Mi Ò Ní Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Peckham, ní London níbí, ó gbé fóònù kan lé orí káńtà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí èyí." Kéèsì fóònù yẹn pupa bí osùn, wọ́n lẹ labalábá méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, gíláàsì ẹ̀ sì ti sán níbi igun kan lókè. Mo wo fóònù, mo wo òun náà, mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní ìyàwó òun ni, pé ó ti gbàgbé pásíwọ̀dù ẹ̀. Mo ní kò burú, kí ìyàwó bá wa wá fúnra wọn. Ó ní wọ́n wà níbi iṣẹ́, wọn ò ráyè. Ó yọ ogún pọ́ùn, ó fi sílẹ̀ lórí káńtà. Nígbà tó rí i pé mi ò fọwọ́ kàn án, ó tún yọ ogún mìíì lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí tó fi di ọgọ́rùn-ún, ohùn ẹ̀ sì ti ń yí padà, kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ó ní ṣé èmi kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni, ṣé mi ò mọ̀ pé ọkọ ló ni aya.

Mo ní "Ọ̀gá mi, mi ò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Kì í ṣe pé mo kọ̀ o. Ká tiẹ̀ ní mo fẹ́, mi ò lè ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yẹn gan-an ò lè ṣí i láìsí nọ́ńbà tí ìyàwó yín ń tẹ̀." Ó wò mí títí, ó kó owó ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mú fóònù, ó sì fi ilẹ̀kùn gbá gbàgà jáde.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Èèyàn lèmi náà, mo ń san rẹ́ǹtì, ọmọ wà níléèwé, ọgọ́rùn-ún pọ́ùn kì í ṣe owó àfiṣeré, ọkùnrin yẹn sì sígbọnlẹ̀ jù mí lọ. Ká ní irinṣẹ́ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tó lè ṣí fóònù èèyàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣé mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mi ò ní lò ó lọ́jọ́ yẹn, àbí lọ́jọ́ mìíì tí ẹni tó gbé fóònù wá bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó tèmi, àbí ẹni tó mọ ibi tí ọmọ mi ti ń wọ bọ́ọ̀sì? Ìwà rere mi kọ́ ló gba obìnrin yẹn sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ò sí lọ́wọ́ mi ló gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ encryption, ìyẹn títi ọ̀rọ̀ pa kí ẹni tí ò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ má lè kà á, tí ìjọba ìlú ọba ń bá àwọn ilé iṣẹ́ fà yìí fi ká mi lára, torí àwọn èèyàn wa tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ń bi mí léèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn ni, pé kò kan àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo iPhone ló ń fi ẹ̀dà nǹkan tó wà nínú fóònù ẹ̀ pamọ́ sínú iCloud, ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Apple tó ń ṣe iPhone ní, fọ́tò, nóòtì, àti bákọ́ọ̀pù fóònù fúnra ẹ̀. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ti àwọn nǹkan yẹn pa lóòótọ́, àmọ́ Apple náà ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, wọ́n lè ṣí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ìparí ọdún 2022 ni wọ́n gbé nǹkan kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Advanced Data Protection, nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Tí o bá tàn án, kọ́kọ́rọ́ á kúrò lọ́wọ́ Apple, ó di inú àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tìẹ nìkan. Tó o bá sọ gbogbo ẹ̀ nù, ó ti nù nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ wá a.

Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2025, ìwé ìròyìn Washington Post gbé e jáde pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀wé sí Apple ní bòńkẹ́lẹ́, pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí ìjọba á fi lè rí inú ibi ìpamọ́ yẹn. Kì í tiẹ̀ ṣe tàwa tí à ń gbé níbí nìkan o, wọ́n ní ti gbogbo èèyàn lágbàáyé ni. Òfin tí wọ́n fi kọ ọ́ ni Investigatory Powers Act ti ọdún 2016, ohun tó sì bí mi nínú jù nínú òfin yẹn ni pé ẹni tí wọ́n bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun rí i gbà. Ẹ fojú inú wò ó. Wọ́n wá bá káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn ilé yín, wọ́n ní kó ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì fún àwọn, kó sì máa kí yín lójoojúmọ́, kó máa bi yín pé ṣé ilẹ̀kùn yẹn ń tì dáadáa.

Apple ò ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kejì yẹn kan náà, wọ́n yọ Advanced Data Protection kúrò ní ìlú ọba pátápátá fún ẹni tí ò bá tíì tàn án. Ọ̀sán Friday ni, mo wà nídìí iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ń ra òmíì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun ti gbogbo ibi tó bá ṣeé tì pa. Mo wọ settings, mo wọ iCloud, mo sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò lè fún ẹni tuntun ní nǹkan yẹn mọ́ ní UK. Mo gbé fóònù sójú ẹ̀ kóun náà kà á. Ó ní "Bọ̀ọ̀dá, kí lèyí túmọ̀ sí?" Mo ní ó túmọ̀ sí pé ohun tí ẹni tó wà ní Èkó lè ṣe, tí ẹni tó wà ní Cotonou lè ṣe, ìwọ ò lè ṣe é ní Peckham.

Kí n má tàn yín o, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ṣí sílẹ̀. iMessage àti FaceTime, tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti tí a fi ń pe ara wa lórí iPhone, ṣì ní àgádágodo tiwọn, pásíwọ̀dù tẹ́ ẹ fi pamọ́ náà ṣì wà bó ṣe wà. WhatsApp náà wà bẹ́ẹ̀, àmọ́ bákọ́ọ̀pù WhatsApp lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń bá èèyàn sọ lọ́tọ̀, ẹ wọ inú settings WhatsApp fúnra ẹ̀, ẹ lọ síbi bákọ́ọ̀pù, ẹ tan encryption tó wà níbẹ̀, láti 2021 ló ti wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé nǹkan òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, pé Yorùbá ò mọ irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Àwa kẹ̀? Ìyá ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà n'Íbàdàn mọ ẹnà fọ̀ gan-an ni. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ owó níwájú oníbàárà, wọ́n á kàn yí i síbẹ̀, "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ," ká sì tó tú u wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ mìíì. Àrokò ńkọ́? Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín pọ̀, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á ti mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wo ìránṣẹ́ tó ń gbé àrokò lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò mọ ohun tó wà nínú ẹrù ọwọ́ ẹ̀. Tí ọ̀tá bá dá a lọ́nà, wọ́n lè nà án títí, ohun tí kò mọ̀ ò lè jáde lẹ́nu ẹ̀. Àìmọ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ẹni tó rán an níṣẹ́, òun ló sì ń dáàbò bo òun náà. WhatsApp, Signal tó jọ ọ́, Apple, ìránṣẹ́ ni gbogbo wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ìjọba ń sọ ni pé ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń gbé.

Kì í ṣe òní kì í ṣe àná ni wọ́n ti ń fa ìjà yìí. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1991, Phil Zimmermann kọ sọ́fúwíà kan tó pè ní PGP, tí ẹnikẹ́ni lè fi ti lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ẹ̀ pa, ó sì fi tọrẹ fáráyé. Nígbà yẹn, encryption tó bá lágbára, inú ìwé kan náà tí wọ́n kọ ìbọn àti ọta sí ni òfin Amẹ́ríkà kọ ọ́ sí, o ò gbọ́dọ̀ kó o kúrò nílùú láìgbàṣẹ. Ni ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọkùnrin yìí, ọdún mẹ́ta gbáko, kí wọ́n tó pa fáìlì ẹ̀ dé ní oṣù Kìíní ọdún 1996 láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yẹn ni ọgbọ́n tí wọ́n dá lọ́dún 1995: wọ́n kó gbogbo kóòdù PGP, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, MIT Press, ilé ìtẹ̀wé fásitì kan ní Amẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́, ìwé tó ṣeé gbé lé ṣẹ́ẹ̀fù. Sọ́fúwíà lòfin ní kó má kúrò nílùú, ta ló wá fẹ́ dúró ní ẹnubodè kó máa gba ìwé lọ́wọ́ èèyàn? Nígbà tó di 1997, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e náà kọjá òkun bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ní Yúróòpù jókòó ti skánà, wọ́n ń yàwòrán ìwé yẹn lójú ewé kan sí èkejì, wọ́n ń wo ibi tí ẹ̀rọ bá ti ka lẹ́tà kan sí òmíì kí wọ́n fọwọ́ tún un ṣe. Mo ti jókòó ti bọ́ọ̀dù fóònù fún wákàtí mẹ́fà torí wáyà kan tó tín-ín-rín ju irun lọ, mo mọ irú sùúrù tí ìyẹn gbà.

Ìjọba Clinton ti gbìyànjú tiẹ̀ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, wọ́n ní àwọn ti ṣe ṣíìpù kan, Clipper, tí wọ́n á máa fi sínú tẹlifóònù, á máa dí ọ̀rọ̀ yín pa, àmọ́ wọ́n á gé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí méjì, ọ́fíìsì ìjọba méjì á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1994 ni Matt Blaze, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T rí i pé apá tó yẹ kó máa fún ìjọba láyè yẹn gan-an ló ní àbùkù, èèyàn lè lo ṣíìpù yẹn kó sì tan ìjọba. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà yẹn tí Clipper fi kú.

Èyí tí ò kú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, òfin ní tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bá fẹ́ ta sọ́fúwíà sókè òkun, kí wọ́n fi àgádágodo kékeré sí i, 40-bit ni wọ́n ń pè é, èyí tí ìjọba lè já. Lọ́dún 1995, ọmọ Faransé kan já irú ẹ̀ tó wà nínú Netscape, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n dẹ òfin yẹn sílẹ̀ nígbà tó di 2000, gbogbo èèyàn gbàgbé. Àṣé irú àgádágodo kékeré bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò. Oṣù Kẹta ọdún 2015, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí wọ́n dẹ òfin yẹn sílẹ̀, ni àwọn tó ń ṣèwádìí rí i pé èèyàn lè tan fóònù àti wẹ́ẹ̀bù sáìtì láti padà sí àgádágodo tó ti bàjẹ́ yẹn, wọ́n pè é ní FREAK. Wẹ́ẹ̀bù sáìtì NSA, àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ayé fún ìjọba Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣeé já. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì ni.

Ògiri tí ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ògiri kan tó lanu lóòótọ́, ní ìlú Athens, ní Gíríìsì. Vodafone ibẹ̀ ń lo ẹ̀rọ Ericsson tó ń so ìpè pọ̀. Nínú ẹ̀rọ yẹn, sọ́fúwíà kan wà tí wọ́n ṣe kí ọlọ́pàá tó gba àṣẹ lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ afurasí. Vodafone ò tiẹ̀ rà á, àmọ́ ó wà nínú ẹ̀rọ, ó ń sùn. Kí Olympics ọdún 2004 tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan tí a ò mọ̀ wọlé, wọ́n jí i lójú oorun. Tí ìpè bá ti wọ àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ̀dà ìpè yẹn á lọ sórí fóònù mẹ́rìnlá tí wọ́n kó pamọ́. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, olórí ìjọba Kostas Karamanlis wà níbẹ̀, olórí ìlú Athens wà níbẹ̀, àwọn mínísítà wà níbẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2005 ni wọ́n tó rí i. Láàárín ọjọ́ tí wọ́n rí i yẹn, wọ́n bá Kostas Tsalikidis, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní Vodafone ibẹ̀, tó ti so kọ́ nínú ilé ẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, bíi tèmi. Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí n má dúró níbẹ̀ yẹn.

Tí ẹnì kan bá ní àtijọ́ nìyẹn, ọdún 2024 ńkọ́? Wọ́n rí i pé àwọn kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ní ó ń ṣiṣẹ́ fún China ti wọnú àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńláńlá ní Amẹ́ríkà, AT&T, Verizon, Salt Typhoon ni wọ́n ń pè wọ́n, ibi tí wọ́n sì dé ni ẹ̀rọ tí òfin ọdún 1994 ní kí ilé iṣẹ́ máa fi sílẹ̀ fún ọlọ́pàá láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn jáde sọ fáráàlú pé kí wọ́n máa lo àápù tó ní encryption. Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ pé ìjọba tiwa níbí ń sọ fún Apple pé kí wọ́n wá ibi kan lù.

Mo ní ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ba ọmọ jẹ́ ò kàn mí, ó máa ń jẹ́ kí n ta jí lóru. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bíi NSPCC tó ń dáàbò bo ọmọdé bá sọ pé encryption ń jẹ́ káwọn ẹni ibi rí ibi sá pamọ́ sí, òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Màmá kan tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi bi mí ní ìbéèrè yẹn ní tààràtà, ó ní "Ọmọ mi, tí wọ́n bá tipasẹ̀ ẹ̀ mú ẹyọ ẹnì kan, ṣé kò tó?" Mo ní Màmá, ọlọ́pàá ò wà láìní nǹkan lọ́wọ́. Òfin ọdún 2000, RIPA, jẹ́ kí wọ́n lè pàṣẹ fún ẹni tí wọ́n fura sí pé kó fún wọn ní pásíwọ̀dù tiẹ̀, tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ọmọdé tàbí ààbò ìlú, ọdún márùn-ún. Lọ́dún 2020, ọlọ́pàá Faransé já sínú EncroChat, fóònù tí àwọn oníṣòwò oògùn olóró ń lò, ọlọ́pàá ìlú ọba níbí sì kéde pé àwọn ti mú èèyàn 746 nínú ẹ̀. Ilé àwọn tí wọ́n ń wá ni wọ́n wọ̀. Wọn ò sọ fún gbogbo Peckham pé kí wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ ní àgọ́.

Ọmọ mi yẹn gan-an, fọ́tò ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i wà nínú fóònù mi, àwọn èyí tí mo yà nígbà tó ń wẹ̀ nínú báàfù wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lágbàáyé ní kọ́kọ́rọ́ wọn. Màmá yẹn náà, fóònù tó gbé wá lọ́jọ́ yẹn, sikirínì ẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, ohun tó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó nù ni fọ́tò ìsìnkú ọkọ ẹ̀ àti ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Home Office, gbogbo ayé ẹ̀ ló wà nínú nǹkan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Òfin Online Safety Act ti ọdún 2023 náà gbé irú ẹ̀ dé, ó fi àyè sílẹ̀ pé wọ́n lè ní kí àápù máa yẹ ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Signal ní dípò káwọn ṣe bẹ́ẹ̀ àwọn á kó ẹrù kúrò nílùú ọba, WhatsApp náà ò gbà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, mínísítà wá sọ nílé ìgbìmọ̀ pé wọn ò ní lò ó àyàfi tí ọ̀nà tó ṣeé ṣe bá wà. Wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú òfin o.

Lórí ti Apple, àwọn èèyàn ò dákẹ́. Apple gbé ẹjọ́ lọ, Privacy International àti Liberty, àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, náà gbé tiwọn lọ, àwọn ilé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ìjọba ò fẹ́ ká tiẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ wà. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni àwọn adájọ́ sọ pé rárá, pé ó kéré tán, ká mọ̀ pé ẹjọ́ wà, ká sì mọ ẹni tó ń bá ẹni ṣẹjọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Nínú oṣù Kẹjọ, Tulsi Gabbard tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sórí X pé ìjọba ìlú ọba ti gbà láti jáwọ́. A ní ó parí. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ìwé ìròyìn Financial Times gbé e jáde pé wọ́n ti kọ ìwé mìíì nínú oṣù Kẹsàn-án, pé lọ́tẹ̀ yìí tàwọn tó ń gbé ní ìlú ọba nìkan ni wọ́n ń béèrè. Amẹ́ríkà gbèjà àwọn ará tiẹ̀, ìjọba ìlú ọba fi wọ́n sílẹ̀, ó wá ku àwa. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Mo ń san owó orí níbí ọdún kejìdínlógún rèé.

Nàìjíríà náà ò mọ́ nínú ẹ̀, òfin tí NCC, àjọ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ tẹlifóònù níbẹ̀, ṣe lọ́dún 2019 lórí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ onífóònù ti sọ pé kí ilé iṣẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n dí pa fi lé ìjọba lọ́wọ́ tí wọ́n bá béèrè. Nígbà tí wọ́n sì ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kìíní 2022, ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló pè mí tó ní kí n bá òun wá VPN tí òun á fi gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, ilé iṣẹ́ tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ni òfin yẹn lè rí mú.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo pe ìyá mi lórí fóònù àbúrò mi, torí iPhone tí mo tún ṣe tí mo fi ránṣẹ́ sí i lọ́dún tó kọjá la fẹ́ ṣiṣẹ́ lé. Àbúrò mi mú fóònù tiẹ̀ dání kí n lè máa rí wọn, Màámi gbé awò sójú. Mo ní kí wọ́n wọ settings, kí wọ́n tẹ orúkọ wọn, kí wọ́n wọ iCloud, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò lè tàn lórí fóònù tuntun níhìn-ín wà n'Íbàdàn, ó ń dúró de ìka. Mo ní kí wọ́n mú ìwé àti bírò, torí fóònù máa gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìdínlọ́gbọ̀n jáde, gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n fi pamọ́ síbi tí wọ́n ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, tó bá sọnù tí fóònù náà sì sọnù, kò sẹ́ni tó lè bá wọn rí fọ́tò wọn mọ́, títí kan èmi.

Màámi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo pariwo, mo ní "Màámi, ẹ má kà á sí mi létí!"

Wọ́n ní "Kí ló dé? Ṣebí ìwọ lo ní kí n kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá bi mí lọ́la, mo fẹ́ lè sọ pé mi ò ní i."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Ó yé mi." Wọ́n ní kí àbúrò mi gbé fóònù kúrò lójú àwọn. Ó yí i sókè, ó sì yí ojú tiẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fáànù òkè àjà nìkan ni mò ń rí, ó ń yí jẹ́ẹ́, mo ń gbọ́ bírò lórí ìwé.